Ojú Owó Kọ́ Lojú Ọjà: Ọgbọ́n Ríra Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀rọ Ohùn

Ní òpópónà Ọ̀tígbà n'Íkẹjà, nínú ọjà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Computer Village, laptop méjì lè wà lórí àtẹ kan náà tí ojú lásán kò ní lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwọ̀ kan náà ni, orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ni, wọ́n sì ti nu ẹ̀yìn méjèèjì títí ó fi ń dán. Ìlẹ̀mọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù nìkan ló yàtọ̀: i7 wà lára ọ̀kan, i5 wà lára èkejì. Síbẹ̀, i7 yìí ni owó rẹ̀ rọjú jù. Ọmọ ìsọ̀ á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, i7 rèé o! Ẹ wo iye tí mo pè é. Kí lẹ tún fẹ́ fi i5 ṣe?" Oníbàárà tí kò mọ̀ ju pé méje ju márùn-ún lọ á ná an díẹ̀, á sanwó, á sì máa yọ̀ lọ sílé pé òun rí ọjà rà.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 yẹn ni kò kà. Intel, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe processor, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń fi ìran tí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sínú orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ i7-7500U, ìran keje ni. Bí wọ́n bá kọ i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ọdún 2017 ló sì jáde. Ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò nínú i7 ìran keje yìí kò ju méjì lọ; mẹ́rin ló wà nínú i5 ìran kẹjọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, i5 ló máa kọ́kọ́ parí. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àyàfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò díẹ̀. Windows 11 tó gbapò rẹ̀ kò fọwọ́ sí processor Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba kéréje, i7-7500U kò sì sí lára wọn.

Ìdí rèé tí i7 náà fi rọjú. Ẹni tó gbé e wọ ọjà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á ni kò mọ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe gbogbo owó tí oníbàárà san ló ń wọ inú ọbẹ̀. Apá kan á lọ sórí ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Apá kan á lọ sórí orúkọ ilé iṣẹ́, páálí aláràbarà àti ìpolówó. Owó ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, ti kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, owó ìsọ̀ àti owó iná ìsọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí owó òun tó nǹkan gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun ń san fún nínú gbogbo wọn.

Onímọ̀ ohùn kan, Jeroen Breebaart, fi èyí hàn kedere ní ọdún 2017. Ó kó àyẹ̀wò hẹ́ẹ̀dìfóònù 283 jọ, ó wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè jáde, ó wá fi èyí wé iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Kò rí ìbáṣepọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Ìyẹn kò sọ pé gbogbo hẹ́ẹ̀dìfóònù olówó pọ́ọ́kú ló dára. Ìrọ̀rùn lórí etí, bí ó ṣe lè pẹ́ tó, àti bí ó ṣe ń dí ariwo òde ṣì yàtọ̀ síra. Ohun tí ìwádìí náà sọ ni pé ẹni tó bá fi iye owó nìkan díwọ̀n adùn ohùn, òṣùwọ̀n tí kò péye ló gbé dání.

Tòkunbọ̀ ni, àbí tuntun tó rọjú?

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye rẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ló ti fò sókè. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní ọjà ìjọba ṣáájú ìgbà náà ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó dé ìdajì. Laptop tuntun tó jẹ́ ojúlówó wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ oṣù ń wò lókèèrè. Ọ̀nà méjì ló kù fún ọ̀pọ̀ wọn: kí wọ́n ra tòkunbọ̀, tàbí kí wọ́n ra tuntun tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Tuntun dùn ún rà. Ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, òórùn páálí ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ti lò ó rí. Àmọ́ nínú àwọn tí owó wọn kéré jù lọ, RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) 4GB ni èèyàn sábà máa ń bá, pẹ̀lú ibi ìkó-nǹkan-sí 64GB irú èyí tí wọ́n ń pè ní eMMC. Bẹ́ẹ̀, 64GB yìí ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí Microsoft fúnra rẹ̀ ní Windows 11 lè gbà. Kí oníbàárà tó gbé fọ́tò kan síbẹ̀, Windows ti gba èyí tó pọ̀ nínú àyè. Nígbà tó bá yá, àtúnṣe tí Windows fẹ́ ṣe fún ara rẹ̀ kò ní ríbi dúró sí. Wọ́n sì ti jó eMMC mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ náà, lọ́pọ̀ ìgbà RAM pẹ̀lú, nítorí náà kò sí bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ṣe lè yọ wọ́n kó fi èyí tó tóbi rọ́pò.

Tòkunbọ̀ tó bá dára, ibi tó ti wá yàtọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa pààrọ̀ kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bó tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún ará ilé. Orúkọ wọn kò ṣàjèjì n'Íkẹjà: Latitude ti Dell, EliteBook ti HP, àti ThinkPad, tí IBM dá sílẹ̀ ní 1992 kó tó bọ́ sọ́wọ́ Lenovo ti ilẹ̀ Ṣáínà ní 2005. Ìdè tó so ojú rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ le koko, kíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fara da omi díẹ̀ tó bá dà sí i, ṣúkúrúù ni wọ́n fi dè é dípò gọ́ọ̀mù, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà àtúnṣe rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ló jẹ́ kí èyí tó ti lo ọdún mẹ́rin ní ọ́fíìsì kan lókè òkun lè wúlò ju tuntun olówó kékeré lọ.

Ewu tó wà nínú tòkunbọ̀ náà kò kéré o. Ní 2015 àti 2016, United Nations University àti Basel Convention Coordinating Centre for Africa tó wà n'Íbàdàn ṣe ìwádìí ní àwọn èbúté Èkó lórí ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọlé: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ló ń wọlé lọ́dún, pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n rọ èyí tó pọ̀ jù sí, àti pé nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ó kéré tán 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ̀rọ tó ti kú ní Jámánì tàbí ní London lè fi ojú tuntun wọ àtẹ l'Ékòó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nù ún, tí wọ́n tún ẹ̀yìn rẹ̀ kùn.

Ohun tó ṣeé pààrọ̀ àti èyí tí kò ṣeé pààrọ̀

Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlànà kan tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá ń ra ti ara wọn: ibi tí kò ní ṣeé yí padà lọ́la ni kí owó pọ̀ sí, ibi tó ṣeé pààrọ̀ ni kí èèyàn ti fowó pa mọ́.

Processor laptop kì í ṣeé pààrọ̀ lásìkò yìí. Wọ́n ti jó o mọ́ pátákó. Ojú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó gidi ni. Ara rẹ̀ àti ìdè rẹ̀ náà kò rọrùn. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó gba àyẹ̀wò jù. Lórí ọ̀rọ̀ ojú, kí oníbàárà béèrè bóyá ó jẹ́ 1366 sí 768 tàbí 1920 sí 1080. Èyí tó gbẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì àmì ìmọ́lẹ̀ tí àkọ́kọ́ ní, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn lára lẹ́tà kékeré lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí èèyàn ti ń tẹjú mọ́ iṣẹ́. Kó tún yí ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bí àwòrán bá dúdú tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ojú olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi sí i.

RAM, hard disk àti bátìrì, nínú ọ̀pọ̀ laptop ọ́fíìsì, ṣúkúrúù díẹ̀ ni wọn. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ọjà rere. Wọ́n á tan ẹ̀rọ kan, wọ́n á rí i pé ó ń fà, wọ́n á ní kò dára. Bẹ́ẹ̀, hard disk onírin tó ń yí ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń fà á sẹ́yìn. Irú disk yẹn kì í sábà lè ka ju nǹkan bíi 100MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD, ìyẹn disk tí kò ní irin tó ń yí nínú, èyí tó wọ́pọ̀ jù lára rẹ̀ ń ka nǹkan bíi 500MB, èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe sì lè kọjá 3,000MB. Ẹni tó bá rí ẹ̀rọ ìran kẹjọ tí ara rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ nítorí disk rẹ̀, lè fi ìwà gbẹ̀rẹ̀ yẹn ná an wálẹ̀, kó wá fi ohun tó kù ra SSD.

Kí ó ṣọ́ra sá o: kì í ṣe gbogbo laptop tí wọ́n ń pè ní ti ọ́fíìsì ni RAM rẹ̀ ṣeé yọ. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú wọn, wọ́n ti jó RAM tiwọn mọ́ pátákó. Irú èyí, 16GB ló yẹ kó ti wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tàbí ó kéré tán 8GB.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ìlẹ̀mọ́ ṣeé ṣí, ó sì ṣeé lẹ̀ padà. Nítorí náà inú ẹ̀rọ ni òótọ́ wà. Nínú Windows, bí wọ́n bá ṣí Task Manager tí wọ́n tẹ Performance, orúkọ processor gan-an á hàn pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, iye RAM á hàn, wọ́n á sì rí i bóyá SSD ni disk rẹ̀ àbí HDD.

Bátìrì ni wọ́n fi ń pa irọ́ jù. "Ó ń lo wákàtí mẹ́rin, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀nà wà láti mọ̀. Kí oníbàárà ṣí Command Prompt, kó tẹ *powercfg /batteryreport*. Ẹ̀rọ náà á kọ ìwé kan jáde fúnra rẹ̀. Nínú ìwé náà, ìlà méjì ló ṣe pàtàkì: Design Capacity, ìyẹn agbára tí bátìrì ní nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́, àti Full Charge Capacity, ìyẹn èyí tó kù lára rẹ̀ lónìí. Ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 50,000, tí èkejì sì jẹ́ 27,500. Bátìrì yẹn ti pàdánù 45 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, owó bátìrì tuntun sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Kò sí ariwo kankan nínú irú ìnájà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n jọ ń kà.

Títì ni ẹ̀gẹ̀ mìíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, tàbí kí wọ́n forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft pé tiwọn ni. Bí wọn kò bá yọ ọ́ kí wọ́n tó tà á, ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìsọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó rà á bá fẹ́ nu gbogbo rẹ̀ kó tún Windows fi sí i, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun á yọ sójú rẹ̀, á ní kó fi ìméèlì òṣìṣẹ́ wọlé. Ti Apple náà ní irú rẹ̀: MacBook tí wọn kò yọ kúrò nínú iCloud ẹni àkọ́kọ́ kò ní gbọ́ràn sí ẹni tuntun lẹ́nu. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ lójú oníbàárà, kí wọ́n wọ BIOS, kí wọ́n sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí owó tó jáde.

Lẹ́yìn èyí, kó tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ki flash bọ gbogbo ojú ihò USB, kó tan kámẹ́rà, kó sì jẹ́ kí fídíò máa lọ fún ogún ìṣẹ́jú kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà máa gbóná tàbí tó máa dá kú. Bí ó bá jẹ́ Dell ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà méje wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Service Tag. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú ojúlé Dell lórí fóònù, ó máa ń fi irú ẹ̀rọ tó jẹ́ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ hàn. Àṣírí ọ̀pọ̀ "tuntun pátápátá" ló ti tú nípasẹ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà méje yìí.

Flash àti hard disk àgbékiri pàápàá ní gbàrọgùdù tiwọn. Èyí tí wọ́n kọ 1TB sí lára tó ń lọ ní owó tí kò tó ti 64GB, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má ju 32GB lọ. Wọ́n kàn ti kọ́ ọ láti máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà ni. Fáìlì á máa wọlé, àmọ́ lẹ́yìn tí àyè gidi bá ti kún, ńṣe ni tuntun á máa kọ lé ti àtijọ́ lórí. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ H2testw máa ń kọ nǹkan kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á tún kà á padà, á sì sọ iye tó jẹ́ òtítọ́.

Wáàtì orí páálí àti wáàtì gidi

Bí èèyàn bá kúrò n'Íkẹjà lọ sí Alábà ní Ọ̀jọ́, ariwo á kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Sípíkà tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tò síwájú ìsọ̀, iná aláwọ̀ mèremère ń yí lára wọn, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: 12,000W P.M.P.O.

Ìṣirò kékeré kan tó láti mú ìdí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ojú iná tó wà lára ògiri nílé ní Nàìjíríà, èyí tó ń gba púlọ́ọ̀gì onítẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, 13 ampere ni, lórí 230 volt. Ìsọdipúpọ̀ méjèèjì jẹ́ 2,990 wáàtì. Ibo ni sípíkà tí wọ́n kì bọ ojú iná yẹn ti máa rí 12,000? Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour gbé e, bẹ́ẹ̀ agbára jẹnẹrétọ̀ náà kò tó kìlówáàtì kan. PMPO jẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ ń fẹnu sọ láìsí òfin kankan tó de bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Wáàtì tó ṣeé gbára lé ni èyí tí wọ́n bá kọ RMS sí, agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdánudúró. Bí wọn kò bá kọ RMS síbẹ̀, kí oníbàárà yí sípíkà náà padà, kó ka iye iná tí wọ́n ní ó ń gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ 35 wáàtì péré. Kò sí ẹ̀rọ tó lè máa gbé ju ohun tó ń gbà jáde.

Irọ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ l'Álábà. Ní 1974, àjọ Federal Trade Commission ní Amẹ́ríkà ní láti gbé òfin kan jáde lórí bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ máa sọ agbára áńpílífáyà, nítorí pé olúkúlùkù ló ń pe nọ́ńbà tó wù ú.

Wáàtì gidi pàápàá kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Etí ọmọ ènìyàn kò gba agbára bí ìṣirò ṣe gbà á. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, ohùn kò fi ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (dB, òṣùwọ̀n ìró ohùn) mẹ́ta lọ ga sí i, díẹ̀ ni etí á sì mọ̀ nínú rẹ̀. Kí ohùn tó dún létí bíi pé ó di ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí ẹni tó fi 200 wáàtì rọ́pò 100 wáàtì fi máa ń yà á lẹ́nu pé òun kò rí ìyàtọ̀ tí òun ń retí.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń kọ́kọ́ wò ni bí sípíkà ṣe ń dáhùn sí wáàtì kan ṣoṣo láti mítà kan. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 91dB tàbí 97dB. Ìyàtọ̀ mẹ́fà péré lè má jọ nǹkan, àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí ni pé sípíkà 97dB tó ń gba 100 wáàtì máa dún bákan náà pẹ̀lú 91dB tó ń gba 400. Ẹni tó bá ra èyí tó ń dáhùn dáadáa lè ra áńpílífáyà kékeré, jẹnẹrétọ̀ kékeré, kó sì sun epo kékeré.

Máìkì, wáyà àti gbọ̀ngàn

Máìkì ni olórin, oníwàásù àti alága ìdúró ń gbé sẹ́nu. Ọ̀kan lára èyí tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ni SM58 ti Shure, tó jáde ní 1966, tí wọ́n sì ṣì ń ṣe títí dòní. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti wà ní nǹkan bíi dọ́là ọgọ́rùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Máìkì tó wọ́n jù ú lọ pọ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ òun ni ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ àwọn olórin ńlá lórí ìtàgé, nítorí pé ó ṣeé gbára lé, ó sì lè ṣubú kó má bàjẹ́. Gbajúmọ̀ yìí náà ló fà á tí ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀. Ojúlówó rẹ̀ wúwo tó 298 gíráàmù. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn alájàpá ń lò tó láti fi mọ èyí tó fúyẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ayédèrú mìíràn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki irin sínú kó lè wúwo.

Wáyà sípíkà ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń wò. Àwọ̀ bàbà á ń pọ́n lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀, funfun á yọ nísàlẹ̀. Alumínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Alumínọ́ọ̀mù kì í gbé iná tó bàbà: nǹkan bí 61 nínú ọgọ́rùn-ún ti bàbà ló ń gbé. Lórí mítà méjì nínú pálọ̀, kò sí wàhálà. Lórí wáyà tí wọ́n nà láti orí pẹpẹ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, agbára tí wọ́n sanwó fún á máa di ooru lójú ọ̀nà. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, wáyà olówó gọbọi tí wọ́n fi wúrà bo ẹnu rẹ̀ kò ní fi adùn kankan kún ohun tí bàbà tó nípọn tó ń gbé.

Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ń fi owó wá ohun tí owó sípíkà kò lè fún wọn. Òrùlé páànù, ilẹ̀ táìlì, ògiri tí wọ́n rẹ́ dán: ohùn á máa lu wọ́n, á máa padà wá, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ ara wọn. Ará ẹ̀yìn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n á ní kí wọ́n ra sípíkà ńlá sí i, ariwo á tún wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnnì tó nípọn, sílíìnì tó ń fa ohùn mu, àti sípíkà kéékèèké tí wọ́n gbé sún mọ́ àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe ju àpótí ràgàjì méjì níwájú lọ. Òfin náà sì wà níbẹ̀: òṣùwọ̀n LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ 55 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án àti 45 lóru ní àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé.

Iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ lò ó fún ló ń sọ ohun tó dára. Ní 1978, Yamaha gbé sípíkà kan tó ń jẹ́ NS-10 jáde fún pálọ̀. Àwọn oníbàárà kò gba tirẹ̀, ohùn rẹ̀ le jù fún wọn. Àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò ló gbé e dìde, nítorí pé kì í bo àṣìṣe orin mọ́lẹ̀: bí orin bá dún dáadáa nínú rẹ̀, ó máa dún dáadáa níbi gbogbo. Ó di èèkàn nínú sítúdíò káàkiri àgbáyé títí wọ́n fi dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ ní 2001.

Owó tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Iye tí wọ́n san ní ìsọ̀ kì í ṣe gbogbo iye tí ẹ̀rọ ń náni. Ká ní ẹnì kan ra laptop tuntun kékeré ní ₦250,000, tí kò wúlò mọ́ lẹ́yìn ọdún méjì. ₦125,000 ló ná an lọ́dún kan. Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra tòkunbọ̀ gidi ní ₦380,000, ó fi ₦70,000 ra SSD àti bátìrì, ó sì lò ó fún ọdún márùn-ún. ₦90,000 ló ná an lọ́dún, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì rí nǹkan tà á.

Epo jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà pẹtiróòlù kan kúrò ní ohun tí kò tó ₦200 lọ sí ohun tó ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ń gòkè sí i lẹ́yìn náà. Ṣájà laptop ọ́fíìsì kì í sábà ju 65 wáàtì lọ. Desktop pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta èyí, ó sì nílò UPS kí iṣẹ́ má baà ṣòfò nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ní kafé tàbí ní ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ fi èyí kún ìṣirò rẹ̀ kó tó sọ pé desktop ló rọjú jù.

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ní kí ẹni tó ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe jẹ́ kó hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó o. Ẹjọ́ kì í rọrùn láìsí ìwé, ìdí nìyẹn tí rìsíìtì tí wọ́n kọ "1 laptop" sí lásán kò fi wúlò fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹ̀rọ náà ní kíkún, ìran processor rẹ̀, iye RAM àti SSD, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá tuntun ni tàbí àlòkù, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbà pé oníbàárà lè dá a padà bí ó bá ní àléébù ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìsọ̀ náà.

Àwọn ọjọ́ tí wọ́n fún un yìí kì í ṣe ìgbà tí ó yẹ kó máa rọra lo ẹ̀rọ náà. Kó jẹ́ kí bátìrì tán pátápátá lẹ́ẹ̀mejì, kó ṣe gbogbo àtúnṣe Windows, kó kọ nǹkan kún disk rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sípíkà ni, kó gbé ohùn rẹ̀ sókè fún wákàtí kan, kó fọwọ́ kan ẹ̀yìn áńpílífáyà bóyá ó ti ń jóni lọ́wọ́. Ohun tó bá máa bàjẹ́, ó sàn kó bàjẹ́ nígbà tí owó àtúnṣe rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹni tó tà á.